Bí Lydia Ṣe Kọ́ Ìjerò Láti Pe Àjàní Ní Àlejò

Láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí ẹnìkan bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìjerò tó ní òun ń wá Lydia Bọ́látitó, wọn á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná. Ta ní ń jẹ́ Lydia? Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Akọ̀wé lòun ń wá, ẹni mẹ́ta ni yóò na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sì ní í rìn jìnnà tí etí rẹ̀ yóò fi mú un délé: kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, gbìn! Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, gbìn! Bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò gbígbóná ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ń dún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, lójoojúmọ́ àyàfi ọjọ́ Ìsinmi.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó dúdú, ó sì fi okùn kan so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn kó má baà sọnù. Bàbá rẹ̀ ṣe kòkó lọ́nà Ìpòtì. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù ilé ọkọ mọ́, òun ń di ẹrù lọ sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́wàá tẹ ìwé láìwo ọwọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó wọ bàtà lọ sí ìdálẹ̀ kó lè lọ kọ́ bí ìka ṣe ń jó. Ó kọ́ ọ dé òpin. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn, nígbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, òun àti fáìlì jọ kó lọ sí Àkúrẹ́ ni.

Ní Àkúrẹ́ yìí, tábìlì kan ni wọ́n fi í sí tí ẹlòmíì kò fẹ́. Tábìlì ìwé àwọn tíṣà àlejò ni. Ẹ rántí pé nígbà náà, àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Gánà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti kẹ́mísìrì ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn dúró pẹ́, ìjọba yóò béèrè pé: ta ló dúró fún un? Iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe tí ọmọ onílẹ̀ kò lè ṣe? Bó bá ṣe ohun tí kò dára, ta la ó mú? Lydia ló ń bá àwọn ọ̀gá náà to èsì rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, wọn kò sì dá ìwé kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde padà rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bí ẹ bá bá a jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ ó ti gbọ́ ọ.

Ó ní àṣà kan. Bí ẹni tó ni lẹ́tà kò bá mọ̀wé, kò ní í jẹ́ kó tẹ̀ka sí i títí òun yóò fi kà á fún un lédè Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, tí olúwarẹ̀ yóò sì máa wí pé "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn máa ń bínú pé ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Lydia á ní, "Ìka yín ló fẹ́ wọnú tàdáwà yìí. Ẹ jẹ́ kí ìka yín mọ ibi tó ń lọ."

Ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì tó padà wálé ni Alhájì Kàsúmù tọ̀ ọ́ wá. Ará Ìwó ni Alhájì. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá sí Ìjerò nígbà èwe rẹ̀, ó dúró, ó fẹ́yàwó, ó kọ́lé. Nígbà tí ọjà òkè òkun wá wọ́n gógó, tí àwọn iléeṣẹ́ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá efun abẹ́lé tí wọ́n ó fi ṣe ọ̀dà àti ṣọ́ọ̀kì, òun ló gba ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú tó ń wà á. Èèyàn gbàǹgbà ni, ohùn rẹ̀ gbàǹgbà, ẹ̀rín rẹ̀ gbàǹgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀lé e, ó ga, ó rọra ń rìn, efun funfun báláú wà lára bàtà rẹ̀.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Alhájì, ẹ káàbọ̀. Ẹ má jókòó sórí àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀."

"Ṣé nítorí pé mo sanra ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́."

Alhájì rẹ́rìn-ín títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi mì. Ó wá tọ́ka sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ọmọ mi rèé, Àjàní. Ìwé ló gbé wa wá."

Lydia wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. "Àjàní wo? Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Yorùbá rẹ̀ yé èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń gbé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. "Pius Ndífọ̀ ni, mà. Ọmọ Bàméńdà ni mí, ní ilẹ̀ Kamẹrúùn."

Ọ̀rọ̀ wá di àlàyé. Yunifásítì ilẹ̀ wa níhìn-ín ni Ndífọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó wá ṣa òkúta ní Ìjerò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó sì yà wo kòtò efun Alhájì. Ilẹ̀ kòtò yẹn ti wó pa èèyàn méjì lọ́dún tó ṣáájú. Ndífọ̀ dúró létí rẹ̀, ó wo ibi kan lára ògiri náà tó sán fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Wòsílátù, ìyálé Alhájì, tó ń se oúnjẹ fún wọn, ló ní kí wọ́n kúkú jáde wá jẹun, pé ẹ̀bà ti ń tutù. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ọbẹ̀ tí ògiri náà fi ya lulẹ̀ gbì! Eruku funfun bo àwo gbogbo. Èèyàn méje ló ń jẹun lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Alhájì ti sọ ọ́ ní Àjàní. Bó ṣe gba ìwé ẹ̀rí tán, Alhájì ní ibòmíràn kò sí fún un. Òun ló kọ́ wọn láti máa gé kòtò ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, kí ògiri má baà dá dúró lóròó. Efun púpọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọ ilé-ìwé ló fi wà nílùú, ìwé ọ̀hún sì ku ọ̀sẹ̀ méje kó kú. Bí kò bá rí ìwé òṣìṣẹ́ gbà kó tó di ìgbà náà, àfi kó máa lọ.

"Kò níbi tó ń lọ," Alhájì wí. "Ìyá Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ kó le."

"Kì í ṣe líle ló ń gbà, Alhájì. Òtítọ́ ló ń gbà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Lydia fi ṣe é. Ó wá gbogbo ìwé iléeṣẹ́ Alhájì rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Wòsílátù, nínú báàgì ìrẹsì. Ó kọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ó kọ pé àwọn ti polówó rẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kankan tó mọ̀ ọ́n kò jáde, ó kọ ìwé ìdúró tí Alhájì fi gbà pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, òun ni kí ìjọba wá mú. Lẹ́yìn náà ló kà á fún un.

"Èmi Kàsúmù, tí mo ni iléeṣẹ́ efun ní Ìjerò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ gba Pius Ndífọ̀, àlejò láti ilẹ̀ Kamẹrúùn, síṣẹ́ fún ọdún méjì."

Alhájì kò wí nǹkan.

"Alhájì?"

"Àlejò kẹ̀?" Ó yí ojú padà bí ẹni jẹ orógbó. "Ọ̀rọ̀ yẹn burú létí mi."

"Ohun tí ìjọba ń pè é nìyẹn. Ẹ ṣá wí pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ó ti ń na ìka sí tàdáwà.

Lydia kọjá lọ sórí gbólóhùn tó kàn. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣe àṣìṣe. Obìnrin tó ti fetí sí "Bẹ́ẹ̀ ni" ẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́ èyí tí kò dénú, ó sì fi sílẹ̀ nítorí pé ó ń kánjú kí ìwé tètè lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ sí Àkúrẹ́, àwọn méjèèjì àti Ndífọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn ní ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n títí wọ́n fi pè wọ́n. Ọ̀gá tó dá wọn lóhùn ń jẹ́ Ọlájídé, èèyàn jẹ́jẹ́, ó gẹ irùngbọ̀n mọ́lẹ̀, ó ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Ó kà á tán, ó mi orí.

"Mọ̀mí, ìwé yín mọ́. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni," Lydia wí. Àyà rẹ̀ wú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí Alhájì. Ìbéèrè kan péré ló bi í, irú èyí tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. "Alhájì, kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí yín?"

Alhájì gbọ́ ìbéèrè yìí, inú rẹ̀ dùn. Ó na apá, ó gbá Ndífọ̀ mọ́ra níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. "Ọmọ mi ni! Àjàní, ọmọ Kàsúmù! Èmi ni mo bí i!"

Ọlájídé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ń ṣeré ni, sà."

"Ta ló ń ṣeré? N'Íwòó ni mo bí i sí! Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìjerò. Bí ẹnìkan bá pè é ní àlejò, kó wá bá mi!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọlájídé. Ó ti ìwé náà síwájú. 

"Alhájì," Ọlájídé wí, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò rọ̀ mọ́, "ìwé tẹ́ ẹ tẹ̀ka sí ní Bàméńdà ni wọ́n ti bí i. Ẹnu yín ní Ìwó ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òtítọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ yín lóòótọ́, kí ló fẹ́ fi ìwé àlejò ṣe? Bí kò bá sì jẹ́ ọmọ yín, ẹni tó parọ́ nípa rẹ̀ lójú mi báyìí ni mo fẹ́ fà á lé lọ́wọ́?"

Lydia la ẹnu. Ọlájídé gbé ọwọ́ dá a dúró.

"Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ní Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi ń bọ̀ ní Ìjerò. Màá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ bá bá ìwé yìí mu, ó dáa. Bí kò bá bá a mu, màá pa fáìlì yìí dé, yóò sì lọ lọ́jọ́ tí ìwé ilé-ìwé rẹ̀ bá parí."

Ọkọ̀ wọn kọjá Arámọkọ. Lydia ló kọ́kọ́ ṣí ẹnu.

"Ìwó! Alhájì, ní Ìwó!"

"Ọ̀rọ̀ náà ló bọ́ lẹ́nu mi."

"Ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò dá ìwé mi padà."

"Wọn ò dá a padà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ni."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá dé, ẹ ó wí fún un pé irọ́ lẹ pa."

Alhájì takú. "Kí èmi, bí mo ṣe dàgbà tó, lọ dúró níwájú ọmọ kékeré kí n ní irọ́ ni mo pa? Ní ojú àwọn òṣìṣẹ́ mi? Ìyá Akọ̀wé, ẹ ní kí n tẹ̀ka, mo tẹ̀ka. Èyí, mi ò lè ṣe é." Ó wo ìta títí wọ́n fi délé. Ndífọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń ronú.

Lọ́jọ́ kejì, Lydia kò tẹ ìwé ẹnikẹ́ni. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó lọ sí kòtò efun. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Ọlájídé yóò ṣe bi wọ́n: ta ni ọkùnrin yìí? Ohùn kan ni gbogbo wọn fi dáhùn. "Àjàní ni." "Ọmọ Alhájì ni." "Ọmọ wa ni." Ẹnìkan tilẹ̀ ní òun rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

"Ìwọ yìí," Lydia wí, "ọdún méjì sẹ́yìn lo kọ́kọ́ rí i! Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n máa wí pé àlejò ni, gbogbo wọn kọ̀. Wòsílátù fi síbí sílẹ̀ lórí ìkòkò, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Kí la ṣe fún yín, Ìyá Akọ̀wé? Ọmọ tí mo ń bù oúnjẹ fún láàárọ̀ lálẹ́, kí n dúró lójú rẹ̀ kí n pè é ní àlejò? Kí ló máa rò? Á ní òun ti sú wa, a fẹ́ kó máa lọ. Ṣé àwọn ará ulé yín ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Lydia jókòó sórí òkúta. Òun náà mọ̀. Bí ẹni tó ti jẹun lọ́wọ́ rẹ, tó ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ, bá gbọ́ àlejò lẹ́nu rẹ, ó ti gbọ́ pé kó máa lọ. Níhìn-ín, wọn kì í pe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba sì ní kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mú un dúró. Ta ló lè fi eléyìí yé wọn? Ó wo Ndífọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn kòtò bọ̀, ó pè é.

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ìyá tó bí ọ?"

Ndífọ̀ dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi í. "Máńkà ni, mà."

"Ó wà láyé?"

"Ó wà láyé. Ó ń gbin ọ̀dùnkún, ó ń gbin kọfí. Kò mọ̀wé. Òun ló ta kọfí ọdún mẹ́rin kí n tó lè wá sí yunifásítì." Ó wo ilẹ̀. "Nígbà tí Alhájì ní òun bí mi ní Ìwó, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó nínú ọkọ̀ pé, kí ni wọ́n wá fi ìyá mi ṣe?"

Ìkòkò Wòsílátù ń hó, kò bojú wò ó.

Lydia rọra sọ̀rọ̀. "Wòsílátù, ẹ gbọ́? Ìyá kan wà lórí òkè kan tó ń ronú ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní Alhájì ló bí i, ìyá yẹn lẹ pa rẹ́. Bí ẹ bá ní àlejò ni, ohun tí ẹ wí ni pé ó ní ibi tó ti wá, ó ní ẹni tó bí i, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì fi í yá yín. Èwo ló burú níbẹ̀?"

Wòsílátù fi etí ìró nu ojú. Ó ní èéfín iná ni. Ó kọjú sí Ndífọ̀. "Máńkà," ó wí, ó tún un wí kó lè mọ́ ọn lẹ́nu. "Máńkà. Ìyá tó bí èèyàn méje tí kò mọ̀ wọ́n." Ó bu oúnjẹ sínú àwo. "Wá jẹun, ọmọ Máńkà."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò lè lọ kí Wòsílátù má sọ fún ọkọ rẹ̀. Ohun tí ìyàwó àti ọkọ sọ, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Alhájì gba iwájú ilé Lydia kọjá ní ìgbà mẹ́ta, kò yà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọlájídé dé ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Kó tó béèrè ohunkóhun tán, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń dúró láti àárọ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àlejò ni!"

"Àlejò pátápátá!"

"Àwa ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí!" Ẹni tó wí èyí ni ẹni tó ní òun rántí ìsọmọlórúkọ.

Lydia di ojú.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí?" Ọlájídé bi í. "Ta ló wá ń darí yín nínú kòtò yìí?"

"Òun ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Á tó ọdún méjì, sà."

Ọlájídé fi ìwé bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Wòsílátù ti àwọn ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ sún fún mi, ẹ̀yin elétí dídi. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wí i. Pius lorúkọ rẹ̀. Máńkà ló bí i ní Bàméńdà. Àlejò wa ni. Àwa la sọ ọ́ ní Àjàní, nítorí pé kò jẹ́ kí ilẹ̀ gbé ọkọ àwọn ará ibí yìí mì. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹun?"

"Màá jẹun tí iṣẹ́ bá parí, ìyá." Ọlájídé wo àyíká. "Alhájì dà?"

Alhájì wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ ló wọ̀, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó bọ́ sí àárín. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó wo Lydia. Lydia kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Ó ti ka lẹ́tà fún un nígbà kan tó fipá gba "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu rẹ̀. Kò ní í tún un ṣe mọ́.

"Ọ̀gá," Alhájì wí. Ohùn gbàǹgbà yẹn kéré. "Ohun tí mo sọ l'Ákùúrẹ́, irọ́ ni. Mi ò bí i. Ìyá rẹ̀ wà níbì kan, mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo tọrọ lọ́wọ́ òun náà."

 Efun ń dán nínú oòrùn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́, sà?"

"Ẹ bi mí pé kí ló jẹ́ sí mi. Mo wo inú mi, ọmọ ni mo bá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ẹ ń béèrè kò sí nínú mi, inú ìwé ló wà."

Ọlájídé ki fáìlì bọ abẹ́ abíyá. Ó ní kí Ndífọ̀ mú òun wọnú kòtò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele, Ndífọ̀ ń fi ọwọ́ júwe ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ àti ibi tó ti le, bàtà dúdú ọ̀gá náà ń di funfun. Nígbà tí wọ́n gòkè padà, ó ṣí fáìlì sórí òkúta, ó kọ̀wé díẹ̀ sí i. Ó wá na gègé sí Lydia.

"Mọ̀mí, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Níwájú mi."

Lydia gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kà á lédè Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo kòtò sì ń gbọ́. Nígbà tó dé orí àlejò láti ilẹ̀ Kamẹrúùn, ó dúró, ó dúró pẹ́, ó jẹ́ kí Alhájì rò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alhájì wí. Ohùn rẹ̀ ti padà. Ó lọ dé etí igbó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé jáde, ọdún méjì gbáko, ó ṣeé sọ dọ̀tun, ó ku ọjọ́ díẹ̀ péré kí ìwé ilé-ìwé kú. Wọ́n gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lydia kí wọ́n tó gbé e dé ibikíbi. Kò yọ̀, kò pariwo. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá àṣìṣe títí, kò rí. Ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín.

"Níbo lorúkọ mi wà?" Alhájì béèrè, ó na ọrùn.

Ó fi ìka hàn án. "Kàsúmù rèé. Agbanisíṣẹ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni ìjọba ní àyè fún, Alhájì."

Alhájì gbà á, ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn, bí ẹni ń wo ẹyin bóyá òròmọdìẹ wà nínú rẹ̀. Ó wá pariwo sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lójú títì: "Àlejò! Àlejò mi! Wá mú ìwé rẹ!" Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n rò pé ìjà ni, títí wọ́n fi rí i tí àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn.

Òkìkí ìwé yẹn kàn. Oṣù kan kò pé tí dókítà kan láti Ẹ̀fọ̀n fi dé, ó fẹ́ mú nọ́ọ̀sì ará Gánà kan tó kàwé jáde nílẹ̀ yìí dúró. Àwọn ará Ìkógòsì náà wá nítorí ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ méjì tẹ̀lé wọn. Lydia ra rìbọ́ọ̀nù tuntun méjì fún ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wá àga tó dúró dáadáa fún àwọn àlejò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kẹ́rọ dún rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, á ní kí agbanisíṣẹ́ jókòó, á yọ awò ojú, á wò ó lójú, á ní:

"Ẹ gbàgbé ìwé ná. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ sí yín fún mi. Ẹ sọ ọ́ tán pátápátá, kó tó di pé Àkúrẹ́ béèrè."

Á wá fetí sílẹ̀, bó ṣe wù kó pẹ́ tó.